Ìkọ́kọrẹ́ àti Wáìnì Pupa

"Ó ń jó mi lẹ́nu!" Ọláwuyì gbé ife sílẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu. "Ìyá Fàwáz, ẹja yín dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi wáìnì lé e yìí, àfi bí ẹni da bẹntiróòlù síná. Wáìnì ọ̀hún sì tún kan gógó."

Fàlílátù, ìyá Fàwáz, wo aago. Mẹ́wàá ti kọjá. Ní aago kan, àlejò méjìlá máa jókòó sí ilé àlejò yìí létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì mu Barbera, wáìnì pupa ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni Bólúwají tó ni ilé náà ti sọ ọ́ láìfi bò: bí wọ́n bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, alásè kan láti Erékùṣù Èkó máa gba ilé ìdáná lọ́wọ́ Fàlílátù lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀, Bólúwají fúnra rẹ̀ ló yan ẹja ọbọ̀kún alátaròdo yìí.

Mùsùlùmí ni Fàlílátù, kì í mu ọtí, kò sì ní torí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu Ọláwuyì, tó ń ti àdúgbò Agric ní Ìkòròdú wá gbé oúnjẹ fún àlejò, ló ń yá lò.

"Bọ̀dá Ọláwuyì, ẹ mu omi, kí ẹ tún tọ́ ọ wò láìsí ẹja. Kíkan wo ni? Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ni àbí ti àgbálùmọ̀?"

"Àgbálùmọ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n tán."

"Ṣé ó korò?"

"Kò korò. Ṣé kí n tún tọ́ ọ wò? Mi ò ní kọ̀ o."

Fàlílátù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti ń sáré. Ohun tó bá kan a máa gé epo lẹ́nu. Oúnjẹ elépo ló yẹ kó bá a lọ, aláta díẹ̀, tó ní ẹja gbígbẹ tó ń rùn èéfín dáadáa. Ó fò dìde. "Ìkọ́kọrẹ́!"

"Kí lo sọ?" Bólúwají ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ewùrà? Fún àlejò tó gbé wáìnì Ítálì wá? Ṣé òkú bàbá àgbà ni wọ́n wá sin ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n sè é, Ọ̀gá. Bí kò bá bá a mu, mo máa kó ẹrù mi lónìí, ẹ ò ní dúró di ọjọ́ Ajé."

"Ẹja tó wà nílẹ̀ ńkọ́?"

"Àwa òṣìṣẹ́ á jẹ ẹ́. Kò sóhun tó máa ṣòfò."

Ó bẹ ewùrà, ó rin ín, ó po iyọ̀ mọ́ ọn. Tàtàṣé ló pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, ata ròdo kò ju ẹyọ kan lọ. Epo ń hó, ẹja ń ta sánsán, ó ń ju ewùrà sínú ìkòkò pẹ̀lú orin lẹ́nu. Àfi ìgbà tí Ọláwuyì gbé ìgò kan wọlé tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Níbo lẹ ti mú u?"

"Nínú fíríìjì. Ọ̀gá ló kó gbogbo èyí tó kù síbẹ̀ láti àná. Ta ló ń mu ohun tí kò tutù?"

"Ẹ kó wọn jáde! Epo á dì mọ́ àwọn àlejò lájà ẹnu!"

Ní aago méjìlá ààbọ̀, Ọláwuyì bu ìkọ́kọrẹ́ jẹ, ó mu wáìnì lé e, ó ń lá ètè.

"Ẹ sọ̀rọ̀ nù!"

"Ẹ fara balẹ̀ ná." Ó tún bù, ó tún mu. "Ìyá Fàwáz! Kò kan gógó mọ́! Èéfín ẹja, epo, wáìnì, gbogbo wọn jọ ń rìn ni!"

Kí aago méjì tó lù, Morádéyọ̀, obìnrin tó kó àwọn àlejò wá, gbé àwo òfìfo wọ ilé ìdáná. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó kù? Wọ́n ti ń bára wọn jà níta. Ẹ̀yin lẹ sè é? Ẹ wá bá wa mu ife kan."

"N kì í mu ọtí, mà."

"Ẹ ò tọ́ ọ wò rí? Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ ọ́n?"

"Mo béèrè ni."

Morádéyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Bólúwají tó ti tẹ̀lé e wọlé. "Ogún èèyàn ló ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, wáìnì Ítálì mìíràn ni wọ́n sì máa mu. Kí lẹ máa sè fún wọn?"

Bólúwají la ẹnu. Fàlílátù nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀ fèsì.

"Ẹ fi ìgò kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mà. Tí mo bá ti mọ bó ṣe rí lẹ́nu, ìgbà yẹn ni n ó sọ oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní yàn án ṣáájú."

Ọláwuyì wúkọ́. Bólúwají wo Fàlílátù, ó wá yíjú sí àlejò rẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá ilé ìdáná wí."