Ihò Mẹ́fà Lẹ́yìn Páńẹ́lì

Páńẹ́lì tí obìnrin oníná kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káfíńtà gbóná jù, ó gbiná, ó sì jó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni obìnrin náà nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n sì ti ń fági nígbà náà. Yóò gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, yóò fi í jókòó sórí àpò lẹ́búlẹ́bú pákó kí ó má bàa rìn lọ sídìí ayùn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ iná. Ó tú, ó tò, iná gbé e, ó tún tú. Ìyá Wáyà ni ẹ̀gbọ́n ń pè é, àdúgbò sì bá a pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àga ẹ̀gbọ́n ń là. Pákó tí kò gbẹ ló fà á. Ìyá Wáyà ní kí wọ́n sọ yàrá ẹ̀yìn di yàrá ooru. Ó gbé hítà mẹ́ta sínú rẹ̀, ó sì kọ́ páńẹ́lì tí yóò máa darí wọn. Bí ooru bá ti tó, páńẹ́lì á pa hítà. Bó bá lọ sílẹ̀, á tún un tàn. Rílè ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, suwíìsì kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ gbogbo iná tí hítà ń jẹ, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá, ó sì máa ń gbóná bí irin ìlọṣọ. Ìyá Wáyà dè é mọ́ irin aláwẹ́ kan tí yóò máa fa ooru kúrò lára rẹ̀. Irin náà fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí kò bá rí i, ooru á padà sára rílè, rílè á jóná, hítà á sì wà ní títàn láìsí ohun tí yóò pa á.

Gbogbo èyí ló mọ̀. Orí irin pẹlẹbẹ lásán ló to páńẹ́lì náà sí, láìbò ó. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí.

"Ìyá Wáyà, kí lèyí? Ìfun ewúrẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìfun tèmi náà ń ṣiṣẹ́. Ṣé ìta ni mo gbé e sí?"

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kan kọ́bọ́ọ̀dù fún un. Pákó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló lò. Ó fá a títí ó fi ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń dé pinpin tí abẹ́rẹ́ kò fi lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó wá dúró tì í bí ọkọ ìyàwó, ó ń retí ohun tí àbúrò yóò sọ.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ó ti sọ pé ooru yóò pa páńẹ́lì sínú nǹkan yìí. Kò lè sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n. "Ó dáa gan-an, Ẹ̀gbọ́n," ló sọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n jáde lọ ra ìṣó, Ìyá Wáyà fi dírìlì lu ihò mẹ́fà sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà: mẹ́ta nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù máa bá ibẹ̀ wọlé, mẹ́ta lókè kí èyí tó gbóná máa bá ibẹ̀ jáde. Ó to páńẹ́lì sínú rẹ̀, ó gbé e kọ́ ògiri, ó fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì wí fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé òun ń ṣàánú ẹ̀gbọ́n òun ni.

Odindi oṣù méje ló fi ṣiṣẹ́. Àga kò là mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ kun ògiri ṣọ́ọ̀bù lọ́dà. Ìyá Wáyà lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ó sì rí ihò mẹ́fà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Káfíńtà kì í rí ihò kí ó fi í sílẹ̀. Ó po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi sáńdìpépà ha á, ó sì fi fáníìṣì kùn ún. Ó gbé e padà kọ́ ògiri, ó sì tan hítà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, èéfín yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n ì bá sá jáde, àmọ́ ó di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mú kí ó lè pa iná. Fáníìṣì tó ń jó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Ìyá Wáyà dé, ó rí pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù nínú eérú. Ìdajì rẹ̀ ti jó. Ìdajì tó kù ń dán, kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ta ló dí èyí?"

"Ọkọ mi ni, Àǹtí," ìyàwó ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Wo Ìyá Wáyà, ó ń wá ibi tí ìṣó máa gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Má sọ fún un pé mo rí i o, ojú á tì í.'"

Ìyá Wáyà sọ ohun tí ihò náà wà fún. Obìnrin náà fi ìdí lélẹ̀ sínú eérú.

"Má jẹ́ kó gbọ́," Ìyá Wáyà ní.

Ní ọsibítù, báńdéèjì bo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dé ìgúnpá.

"Wọ́n ní wáyà rẹ ló fà á. Mo ní irọ́ ni, àbúrò mi kì í so wáyà ṣì. Wí fún mi pé irọ́ ni."

Ìyá Wáyà wo ọwọ́ náà. Bí ó bá sọ òótọ́, ẹ̀gbọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ló jó ara rẹ̀.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo so ó ṣì."

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó na ọwọ́ oníbáńdéèjì náà sí i.

"Ọwọ́ tí mo fi bọ́ ẹ nìyí."

Ó kọjú sí ògiri. "Máa lọ sílé."

Wọ́n gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ti òsì kò ṣeé ká mọ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù kọ́, oníná mìíràn ni ó pè. Ìyá Wáyà lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè. "Àǹtí, ó ní kí ẹ má wọlé."

Kò sẹ́ni tó ń pe Ìyá Wáyà síṣẹ́ iná mọ́. Aṣọ ló ń fọ̀ jẹun báyìí, ìyẹn kò sì dùn ún tó èyí: ọdún mẹ́rin ti kọjá, òun àti ẹni tó tọ́ ọ kò tíì jọ jókòó nínú yàrá kan.