Olùkọ́ Kẹfà

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Ìgàndò, lójú ọ̀nà tó lọ sí Egan, tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju àga lọ. Matilda Ọdẹ́tọ́lá ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn olùkọ́. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, òfin wọn ò sì gba àwàdà: olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ márùndínlọ́gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ àádọ́jọ ló wà ní ẹ̀ka ìṣirò, olùkọ́ mẹ́fà ni wọ́n nílò. Ẹ wá bi mí pé mélòó ni wọ́n ní. Méjì péré!

Ẹ̀yin náà ṣá mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, yá olùkọ́ mẹ́ta láti Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀, kí wọ́n wá jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ó wá ku ẹnì kan.

"Tí wọ́n bá ti ẹ̀ka yìí pa, Matilda, ọmọ tìẹ náà ń padà sílé nìyẹn o," ni ọ̀gá àgbà wí fún un.

Fẹ́kọ́mi, ọmọ rẹ̀, ti wà lọ́dún àṣekágbá níbẹ̀. Matilda bá fi orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Sàlámì, olùkọ́ ìṣirò, sílẹ̀ nínú ìwé.

Sàlámì ti kú láti oṣù kẹta.

Ọkùnrin yẹn nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mẹ́rin, títí tó fi ṣubú níwájú pátákó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gba ẹlòmíràn kún òun. Matilda ló gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì kì wọ́n sínú dúrọ́ọ̀. Háà, èèyàn!

Láti ọjọ́ tó ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ni kò ti lè fojú ba oorun. Lọ́sàn-án gangan, yóò gbọ́ ṣọ́ọ̀kì tó ń họ pátákó ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Tó bá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́nìkan.

"Ó rẹ̀ mí ni jàre," ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Fẹ́kọ́mi gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá. "Mọ́mì, orí tábìlì kíláàsì ni mo gbàgbé ẹ̀ sí lánàá. Ta ló máàkì ẹ̀?"

Bírò pupa ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé inú lẹ́tà mẹ́ta yẹn ni. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Sọ fún màmá ẹ, ó ti rẹ̀ mí.*

Matilda jókòó, ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í.

Ilẹ̀ Wẹ́sìdeè mọ́. Àwọn olùkọ́ àyálò ti de táì, wọ́n jókòó. Màmá tó ṣáájú àwọn aláyẹ̀wò ń pe orúkọ, ó ń fi bírò sàmì sí i.

"Sàlámì dà?"

"Ó wà ní kíláàsì, Mà," ni ọ̀gá àgbà dáhùn.

Ni ṣọ́ọ̀kì bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ pátákó ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Màmá náà mi orí pé ó dáa. "Mo ti ń gbọ́ ọ." Ó gbé bírò sókè.

Matilda wo ojú fèrèsé. Fẹ́kọ́mi ló dúró níta yẹn, tó ń fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má sàmì sí i!" Omijé ti gba ojú Matilda. "Ọkùnrin yẹn ti kú. Àwa ni a ò jẹ́ kó sinmi."

Híhọ náà dákẹ́. Wọ́n gbọ́ tí ṣọ́ọ̀kì já bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ti ẹ̀ka ìṣirò pa. Fẹ́kọ́mi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, oṣù méjì ni kò fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Matilda sunkún títí, ṣùgbọ́n ó rí oorun sùn.