Ọmọ Tó Dẹ́kun Ẹkún

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé yẹn, irun orí mi ti funfun, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ọmọ náà ò tíì kúrò létí mi.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi ni mò ń bá a lọ aṣọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀, Aláriwo, máa ń sùn sí lọ́sàn-án: bí ẹsẹ̀ ìyá ṣe ń tẹ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni orí ọmọ ń mì, oorun á gbé e lọ fọnfọn. Tílẹ̀ bá ṣú tí ẹ̀rọ dákẹ́, ojú rẹ̀ á là kedere bí ojú ológbò. Àwa la sọ òru rẹ̀ dọ̀sán, a ò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì, ará ilé kejì, wo ẹ̀gbọ́n mi títí. "Ìyá Aláriwo, ojú yín ti wọnú. Ẹ̀ ń sùn ṣá?"

"Oorun wo? Ṣé ọmọ yìí gbà ni?"

"Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó ké. Ẹkún kì í pa ọmọ. Tí ò bá rẹ́ni wá, á kọ́gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ní yàrá. Ẹkún náà wọ̀ wá légungun, ẹ̀gbọ́n mi fi ìrọ̀rí bo etí. Lẹ́yìn òru mélòó kan, ọmọ dákẹ́, gbogbo wa sùn.

"Mo sọ àbí mi ò sọ?" ni Nọ́ọ̀sì wí.

Lọ́jọ́ kan tí aṣọ iléèwé kún ọwọ́ wa, a tẹ́ ọmọ sí yàrá. Mo wọlé lọ mú òwú. Aláriwo ti jí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń wo àjà, kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Mo ké sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó ti jí? Mi ò gbọ́ ọ."

"Kò ké ni, Àǹtí."

Ó fọwọ́ kan ibùsùn. Ìtọ̀ ọmọ ti tutù síbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo kọ́ ọ pé tó bá pè mí, mi ò ní dáhùn. Ó sì ti mọ̀ ọ́n."

"Ọmọdé ni, Àǹtí. Á gbàgbé."

"Àgbà ló ń gbàgbé."

Láti ìgbà náà, á pa aṣọ tì láàárín ojú rírán, á lọ yọjú wò ó. Láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kó lè gbọ́ tí ọmọ bá pè é. Kò sí nǹkan kan. Àwọn oníbàárà ń bínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wọn apá ìyá olóúnjẹ kan tó fẹ́ ẹ̀wù tuntun, la bá gbọ́ ohùn tíntín láti yàrá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ló bá dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ju tépù sílẹ̀.

"Aránṣọ, ẹ wọn apá kejì tán ná! Ṣé apá kan ni màá fi wọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ń pè mí."

Eré ló sá wọlé. Mo gbọ́ ọ tó ń bẹ̀ ẹ́: "Mo ti dé, ìyá mi. Mo gbọ́ ọ. Má dákẹ́ mọ́, jọ̀wọ́." Lẹ́yìn náà ni ẹkún sọ, ẹkún tó gba gbogbo ilé.

Ìyá olóúnjẹ na apá sílẹ̀, ó yanu. "Kí ló ṣe ọmọ yẹn?"

"Àwọn méjèèjì ló ń sunkún, mà," ni mo wí. "Ẹ jókòó. Wọ́n á pẹ́ díẹ̀."