Àlàfo Inú Àmì

"Mo ti bá ẹ dí àwọn àlàfo yẹn o," ni Bùọ̀dá wí. Ó dúró lábẹ́ pátákó tuntun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé alájà mẹ́ta. "Ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà kì í fẹ́ kí ìlà ṣí sílẹ̀, o ṣáà mọ̀. Mo ní bóyá o gbàgbé ni."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Aláwòrán, gbójú sókè. Àmì tirẹ̀ ló wà lókè yẹn: fọ́nrán òwú tó lọ́ mọ́ra wọn di òrùka mẹ́ta. Orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ló ti yà á nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó sì gbàgbé láti pa á rẹ́.

"Ó dára, àbí kò dára?"

"Ó dára, Bùọ̀dá."

"Èmi, ìwọ àti Màmá. Nígbà tí mo rí i, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yìí tó báyẹn."

Bùọ̀dá tí kì í yin ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá dára tán, á ní kí ló dé tí kò tètè parí, òun ló ń rẹ́rìn-ín láàárín ìta bí ọmọdé. Aláwòrán kò fẹ́ ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì wọlé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Àmì náà kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ló yà á fún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ní ju olólùfẹ́ kan lọ, tí gbogbo wọn mọ̀ nípa ara wọn, tí kò sẹ́ni tó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn àmì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Òmíràn rí bíi ti ilé oògùn, òmíràn sì kún fún ọkàn pupa bíi káàdì ìkíni. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Aláwòrán fi ń kó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára ife àti báàgì, wọ́n ń fi í sójú fóònù. Àlàfo tó wà lára òrùka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ó fi hàn pé wọn kò ti ẹnikẹ́ni mọ́nú.

Àmì náà kò sì ṣàdédé wá sí i lọ́kàn. Ọkọ rẹ̀, Olùkọ́, wà nílé, ẹbí mọ̀ ọ́n. Télọ̀ pẹ̀lú wà nílé, ṣùgbọ́n ayálégbé ni ẹbí mọ̀ ọ́n sí. Télọ̀ ló kọ́kọ́ fi òwú tẹ́ òrùka mẹ́ta náà sórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀, Olùkọ́ ló ní kí wọ́n má pa ẹnu òrùka náà dé.

Nígbà tí Aláwòrán délé nírọ̀lẹ́, ẹ̀wù iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló bá lórí ẹ̀rọ Télọ̀.

"Bùọ̀dá rẹ gbéṣẹ́ fún mi," ni Télọ̀ wí. "Ó ní kí n rán àmì ẹbí yín sí àyà ẹ̀wù. Ó tún bi mí ìgbà tí mo máa fẹ́yàwó, kí n lè kúrò nílé àbúrò rẹ̀."

"Jọ̀ọ́, má bínú. Kò mọ̀."

"Mi ò bínú sí i. Òun kò mọ̀. Ìwọ lo mọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló nilé tí a wà yìí! Tí mo bá lanu, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ilé lọ, Màmá á sì máa sunkún kiri."

"Tí o kò bá lanu, èmi ni mo máa lọ." Kò pariwo. "Mi ò halẹ̀ mọ́ ẹ o. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Olùkọ́ gbé tíì wá, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó rọra gbé e kalẹ̀. "Mi ò lè bá ẹ sọ ọ́ fún un," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Inú bí Aláwòrán sí i, nítorí òótọ́ ló sọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Aláwòrán gbé àkàbà ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó mú abẹ tí wọ́n fi ń gé sítíkà dání, ó sì gùn ún. Ó ti ṣí àlàfo àkọ́kọ́ nígbà tí Bùọ̀dá yọ.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Orí ẹ pé ṣá? Pátákó mi!" Bó ti ń jágbe, bẹ́ẹ̀ ló sáré di ẹsẹ̀ àkàbà mú, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú.

"Mi ò gbàgbé, Bùọ̀dá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni." Ó ṣí èkejì. "Òrùka yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin àti Màmá. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi àti Olùkọ́ ni."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Aláwòrán fi abẹ lé òrùka kẹta, ó gé e.

"Télọ̀ kì í ṣe ayálégbé."

Bùọ̀dá wo pátákó, ó wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lórí àkàbà. Ojú rẹ̀ le, kò sí ẹ̀rín àná níbẹ̀ mọ́.

"Sọ̀kalẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

Aláwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kò mọ ohun tó ń dúró dè é nílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi. Ṣùgbọ́n àkàbà náà kò mì. Bùọ̀dá kò tíì fi í sílẹ̀.