Àbẹ́là Tí Wọ́n Tàn fún Ìyá Mi

Fọ́tò mẹ́rìndínlógún ló kù ká tó kan ti àbẹ́là. Tàbí mẹ́tàdínlógún... Mo kà wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Barbara kó wọn wá síbi iṣẹ́, àwọn fọ́tò kéékèèké inú páálí funfun tí ẹ̀rọ máa ń tàn sára ògiri, tó ń tò wọ́n sórí tábìlì ìjẹun. Ti àbẹ́là yẹn ló tẹ̀ lé ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò tíì dé. Ohun tó wà lára ògiri báyìí ni òkun, òkun lẹ́ẹ̀kan sí i, àti ẹsẹ̀ Gwendolyn.

Ẹsẹ̀ Gwendolyn! Ta ló máa ń ya fọ́tò ẹsẹ̀? Ó gba ògiri Barbara láti òkè dé ilẹ̀, ìléròrò gìgísẹ̀ rẹ̀ tóbi tó àwo ọbẹ̀, gbogbo yàrá sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi mọ ohun tí fọ́tò ò yà. Ó fi píìnì bẹ́ ìléròrò yẹn níṣojú mi, omi rẹ̀ dà sórí òkúta, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì fi ọwọ́ kan náà bu búrẹ́dì fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ẹ̀gbin! Mo jẹ ẹ́ nítorí pé wọ́ọ̀dù kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí pé mi ò fẹ́ kó rò pé... mo jẹ ẹ́ ṣá.

Yàrá yìí ṣókùnkùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, oòrùn ń ràn kalẹ̀ ní Woodridge, àwa fa kọ́tìnnì pa kí á lè máa wo oòrùn ibòmíràn. Wàràkàṣì funfun kan wà nínú àwo lórí itan mi, ó ń sun omi, ó ń rùn bí ewúrẹ́ tó rẹ sínú òjò. Kóró èso ólífì tí àwọn ènìyàn ti fẹnu fà gbẹ wà nínú abọ́ níwájú mi, itọ́ ṣì ń dán lára rẹ̀. Barbara ló lọ ra gbogbo rẹ̀, ó ní kó lè dà bíi pé a ṣì wà ní erékùṣù Gíríìsì yẹn. Ta ló fẹ́ wà níbẹ̀?

Anti Rùkáyátù sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ wàràkàṣì tirẹ̀.

Èmi náà ni mo fà á. Mọ́tò mi kọ̀, kò stáàtì, mo sì dúró lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Rogers Park, ní Chicago, mò ń ráhùn sókè. Ìsàlẹ̀ mi ló ń gbé. Ó yọjú. "Woodridge? Kí lò ń da ara ẹ láàmú sí? I'm off today, màá drop ẹ." Mo rò pé ó máa já mi sílẹ̀ ni, kó sì máa lọ. Barbara ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń juwọ́, come in, come in, àfi bí ẹni pé òun ló bí i. Anti Rùkáyátù kì í sì í kọ ìjókòó. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ló ń wọ bàálù lọ sílé. Ẹrù tí mo dì fún ìyá mi ti wà nínú yàrá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, á ti jókòó sórí ẹní ìyá mi, ìyá mi á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, á ní kó ròyìn mi fún òun, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Bí Barbara bá sì sọ ìtàn àbẹ́là yẹn nínú yàrá yìí...

Ti ìwé ti tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí ìyẹn. Mo kúnlẹ̀ nínú kíṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. "Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màámi mọ̀ pé wọ́n ti fún mi ní green card." Ó wò mí títí. "Since when?" Ọdún méjì, mo ní. Ó pòṣé, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Dìde jàre. Ṣé ìwọ nìkan ni? Half of this building, ìwé wọn ò tíì jáde." Ó ní òun ò ní sọ. Ó ní òun ò sì ní sọ pé mo lọ rìn kiri ní Gíríìsì. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn lò: ìwé mi ò tíì jáde. Ẹnikẹ́ni nílé kì í béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá ẹni kú, ìwé ò jáde. Àbúrò ẹni ń gbéyàwó, ìwé ò jáde. Wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Fún ọdún méje, òótọ́ ni mò ń sọ. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, irọ́ ni mò ń pa. Ohùn kan náà ni mo sì fi ń sọ méjèèjì, mi ò tilẹ̀ ń mí kanlẹ̀.

Ìyá mi ń gbààwẹ̀ nítorí ìwé yẹn. Àtìní àti Àlàmísì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Ó sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. "Kàfáyà, mi ò ní yéé gbà á o, títí wọn á fi dá ẹ lóhùn..." Mi ò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn dópin. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ni mo ti pa á.

Wọ́n ti yí fọ́tò. Ọ̀nà náà rèé.

Ọ̀nà tóóró olókùúta, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, òkun nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹ̀gún lápá ọ̀tún. Láti abúlé kan sí èkejì, wákàtí mẹ́fà. Bọ́ọ̀sì sì wà o! Bọ́ọ̀sì ń lọ sí abúlé kejì yẹn, mo fojú ara mi rí i lókè níbi tó ti ń fọn fèrè sí wa. A wọ bàálù, a wọ ọkọ̀ ojú omi, ká ṣáà lè fẹsẹ̀ rin ibi tí bọ́ọ̀sì ń ná. Ó lẹ́wà. Mi ò ní purọ́ ìyẹn mọ́ ọn. Omi òkun mọ́ débi pé èèyàn ń rí òkúta ìdí rẹ̀, ilé funfun tò sórí òkè, ewé kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ ló máa ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n ìyá mi rin irú ọ̀nà yìí láti Ìdí-Ọsàn dé ìlú, igi ìdáná lórí, èmi lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ẹsẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí mò ń rìn lọ́hùn-ún lọ́wọ́ òfo, tí mo dé fìlà elétí gbàràgàdà, mò ń rò ó pé... irọ́. Mi ò rò ó. Ìsinsìnyí ni mò ń rò ó. Lọ́hùn-ún, mi ò rántí ìyá mi rárá, àfìgbà tí obìnrin arúgbó yẹn béèrè rẹ̀.

Mẹ́sàn-án ló kù. Barbara ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja tí a jẹ. Ẹja tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kalẹ̀ nínú àwo, tí Gwendolyn fi ìka yọ ojú náà... ẹ gbà mí. Ṣé mo lè dìde? Bí mo bá dìde, iwájú iná ni mo máa gbà, òjìji mi á bo ògiri, gbogbo wọn á kígbe. Ṣé mo lè wí fún Anti pé ká máa lọ? Wàràkàṣì rẹ̀ ò tíì tán.

Abúlé kékeré kan wà láàárín ọ̀nà, ilé rẹ̀ ò tó mẹ́wàá. Obìnrin náà wọ aṣọ dúdú, ó wé gèlè dúdú, ó rí wa tí òógùn ń dà, ó fà wá sábẹ́ igi. Ó fún wa lómi. Ó fún wa ní nǹkan dídùn kan tí wọ́n fi èso sè, ṣíbí kan ṣoṣo, Barbara lá a, Gwendolyn lá a, ó wá kàn mí. Mo lá a. Ó fi ọwọ́ tó ń rùn bí àlùbọ́sà gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. Kò gbédè tí a gbọ́. Ó ń nàka sí ọ̀nà jíjìn, ó ń nàka sí mi. "Mama?" ló wí. "Mama?"

Kí ni ìyẹn le sí? Orí ni èèyàn máa mì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ìyá, ó wà láàyè, ó ń kí yín. Èmi pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo di ojú. Ìyá mi sùn. Ìyá mi ti sùn lọ. Obìnrin náà figbe ta. Barbara di èjìká mi mú, "Oh honey, you never said," omi sì ti lé sí òun náà lójú. Mi ò sọ pé rárá. Wọ́n fà mí wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ, arúgbó yẹn fi àbẹ́là tín-ín-rín lé mi lọ́wọ́, ó tan iná sí i, ó júwe fún mi pé kí n gún un sínú yẹ̀pẹ̀. Èmi Kàfáyàtù, tí wọ́n fi odidi àgbò sọ lórúkọ, mo gún àbẹ́là fún òkú ìyá tí kò kú. Ọjọ́ Àlàmísì sì ni. Bóyá ó ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ti rẹ̀ mí ni. Mi ò gbédè wọn ni. Rárá... nítorí Barbara ni. Bí mo bá ní ìyá mi wà láàyè, Barbara á béèrè pé ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn. Ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́sàn-án kẹ̀? Ṣé ìwọ kọ́ lo fi green card rẹ hàn wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú? Ó rọrùn kó kú. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àlejò lójú ọ̀nà ni. Ó yẹ kí ìyẹn tó.

Kò tó. Lánàá ní wọ́ọ̀dù, mo wẹ ìyá kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo nu ìdí rẹ̀, mo pa ìpara sí gbogbo ojú egbò ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ń wo aago. Ó rí mi lára nígbà tó kí mi pé mo ṣeun. Mo ní lọ́kàn mi, ìyá tó bí ẹ lọ́mọ! Mo tutọ́ sínú agbada ìfọwọ́ lẹ́yìn tó lọ. Mo tutọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ó kúkú wá. Ó wọ mọ́tò, ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí etí rẹ̀. Anti náà ń rẹ́rìn-ín. Má yí i. Iná, kú. Ẹ̀rọ, bàjẹ́. Barbara, jọ̀ọ́... ó ti yí i.

"Oh, this one," ni Barbara wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti gbé ọwọ́ lé àyà. "This one is special..." Fóònù dún ní kíṣíìnì. Ó sáré lọ. Ó fi fọ́tò sílẹ̀ lára ògiri.

Gwendolyn ń wá ohun mímu rẹ̀ nínú òkùnkùn. Anti Rùkáyátù sì tẹ̀ sí mi létí: "Èyí ni kí o fún mi mú lọ. Iná àti ojú ẹ nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé Chicago kọ́. Màá ní kí wọ́n bá mi print ẹ̀ kó tóbi. Wo bí ojú ẹ ṣe tutù. I've never seen you like this. Màámi á mọ̀ pé ara ẹ dá."

Mi ò tíì wo fọ́tò yìí rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dojú rẹ̀ dé lórí tábìlì. Mo gbójú sókè.

Mò ń retí ojú ẹni tó ń tijú. Ojú ẹni tó purọ́ nítorí pé wọ́n ká a mọ́. Obìnrin ara ògiri yìí ò tijú. Èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ tẹ́jú, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mí jáde... Mo mọ ojú yìí. Iṣẹ́ mi ni. Mo ti rí i ní wọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí ìyá aláìsàn tó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì bá kú, tí ọmọ bá sunkún àkọ́kọ́ tán, tó jókòó, tó sì wá mọ̀ pé òun ò ní padà wá lọ́la. Wọn kì í mọ̀ pé à ń rí i. A máa ń gbójú kúrò.

Nítorí Barbara kọ́. Ìwé kọ́. Mo fẹ́ kó ti kú. Mo fẹ́ kó ti kú lókèèrè, kí wọ́n ti sin ín, kó má sí ẹsẹ̀ wíwú tí mo máa lọ bá, kó má sí ìdí tí mo máa nù, kó má sí ẹni tó máa di ọwọ́ mi mú pé ọdún mẹ́sàn-án, Kàfáyà, kí lo fi ń ṣe? Ìyá mi. Ẹni tó pọ̀n mí lórí òkúta. Ọlọ́run mi, ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Barbara ti gbé fóònù kalẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ń bọ̀. Bó bá wù ú kó sọ ọ́. Anti Rùkáyátù ti tún fi igunpá tọ́ mi, ó ń retí èsì, ṣé màá fún òun àbí mi ò ní fún òun. Kí ni kí n wí fún un? Pé ojú ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, tí ara sì tù, ló fẹ́ gbé lọ bá ìyá náà, kó máa wò ó?