Bó Bá Pé Mílíọ̀nù

999,612

…ọ́fíìsì ní kí n wá kó ẹrù bàbá mi kí wọ́n tó ti yàrá ìwádìí rẹ̀ pa. Mo ti dé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tó ti kú, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

[lára ilẹ̀kùn]

ÌKÌLỌ̀! YÀRÁ ÌWÁDÌÍ PRÓFẸ́SỌ̀.
A Ó PA INÁ NÍ ỌJỌ́ ẸTÌ, AAGO MẸ́RIN ÌRỌ̀LẸ́.

999,615

Ohun tí mo bá níbẹ̀:

— àga kan, ìdí rẹ̀ ti ya
— kóòtù funfun, bọ́tìnnì méjì ló kù
— fọ́tò ìyá mi, lẹ́yìn kọ̀ǹpútà
— ìyẹ́ bàálù kan, kò gùn ju apá mi lọ. Wáyà wà nínú rẹ̀. Bí wáyà bá gbóná, ìyẹ́ á gbérí fúnra rẹ̀. Bó bá tutù, á wálẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀kan. Nọ́ńbà pupa ń kà á; bàbá mi fẹ́ kó pé mílíọ̀nù kí wáyà tó já.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ló fi gba bàbá lọ́wọ́ wa. Ìyẹ́ tí kò fò rí!

999,620

Ìwé rẹ̀. Kì í kọ déètì. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ló ń kọ.

118,000. Ọmọ mi ṣègbéyàwó. Wọ́n ti ń kó àga kí n tó dé.

402,311. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ ní ọsibítù. Ibí ni mo wà. Wáyà kò já.

405,200. Ọmọ mi ní òun ò fẹ́ gbóhùn mi mọ́. Ó jàre.

760,020. Bó bá pé mílíọ̀nù, màá pè é. Mi ò lè pè é lọ́wọ́ òfo.

989,560. Àyà ń dùn mí. Ó ku díẹ̀.

999,627

Lọ́wọ́ òfo kẹ̀? Ta ló béèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀? Ká ní ó pè mí, ǹ bá gbé fóònù.

999,628

Irọ́ ni. Ó pè mí lọ́jọ́ tó kú. Mi ò gbé e.

999,631

ÈMI: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di àárọ̀ ọ̀la.
Ọ̀GÁ Ọ́FÍÌSÌ: A bá yín kẹ́dùn. Aago mẹ́rin ni.

Ẹ wo ẹnu tó ń kẹ́dùn!

999,640

BÀBÁ KỌ́KỌ́RỌ́ (òun ló ń ṣí gbogbo yàrá ilé yìí, òun náà ló ń pa iná): Aago ti lu mẹ́rin, ọmọ mi. Ó ku bíi mélòó?

ÈMI: Wákàtí méjìlá, sà.

BÀBÁ KỌ́KỌ́RỌ́: Bàbá rẹ máa ń sọ ọ́ fún mi: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

ÈMI: Bí baba bá ti lọ ńkọ́?

(Ó nu ojú rẹ̀.)

BÀBÁ KỌ́KỌ́RỌ́: Ìsàlẹ̀ pátápátá ni súìṣì ńlá wà. Orúnkún mi ò sì dáa. Mo lè pẹ́ kí n tó débẹ̀.

999,641

Mo mú bírò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀:

999,641. Bàbá mi, mo ti gbé e. Ẹ máa wí, mò ń gbọ́.

999,642

Iná ṣì wà. Ìyẹ́ ń gbérí.