Káàdì Ọrùn Ràímì

Nígbà tí Mádàámù, ọ̀gá ilé-ìwé tí Ràímì ń ṣọ́ ní Òmù-Àrán, fi káàdì tuntun kọ́ ọ lọ́rùn láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkùnrin náà dúpẹ́ tán kó tó kà á. Ẹ̀ṢỌ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, gàdàgbà. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ mégáàdì."

"Bàbá, kí ló burú nínú ẹ̀ṣọ́? Yorùbá gidi mà ni."

Yorùbá gidi ni lóòótọ́, ohun tó sì ń dà á láàmú nìyẹn. Mégáàdì ń ṣí géètì, ó ń tì í, ó ń kí onímọ́tò. Ta ni kò lè ṣe ìyẹn? Ṣùgbọ́n tí bàbá Ràímì bá ń sọ ìtàn ogun àtijọ́, àwọn jagunjagun tí ọba gbójú lé ló ń pè ní ẹ̀ṣọ́, àwọn tí kì í sá. Ràímì sì ti sá rí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun àti Jòhánù ni wọ́n jọ ń ṣọ́ oko kajú kan lọ́nà Òwu-Ìsin. Ọ̀sán gangan ni àwọn ajínigbé ya wọlé. Jòhánù dúró, ó ń fọn fèrè kí àwọn òṣìṣẹ́ oko lè ráyè bọ́. Ràímì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn ló bọ́, Jòhánù nìkan ni wọ́n pa.

Ràímì bọ́ káàdì náà sínú àpò. Nígbà tí ilé-ìwé jáde, Helen, opó Jòhánù, wá mú ọmọ rẹ̀, Success. Okùn káàdì ń yọ níta àpò Ràímì. Helen fà á jáde, ó kà á.

"Èmi kọ́ ni mo bèèrè rẹ̀, Ìyá Success," ni Ràímì wí. "O mọ̀ pé mo sá. Jòhánù ló lorúkọ yìí."

"Mo mọ̀. Mo bínú sí yín fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí mo gbọ́ pé ibí lẹ wà, mo fẹ́ yọ ọmọ mi kúrò."

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́?"

"Mo kọ́kọ́ dúró sí òdìkejì títì, mo ń wò yín, fún ọ̀sẹ̀ kan. Òjò ń pa yín, ẹ ò kúrò ní géètì."

Ó fi káàdì náà kọ́ ọ lọ́rùn padà.

"Àràárọ̀ ni mò ń fi ọmọ Jòhánù lé yín lọ́wọ́, Bàbá. Mégáàdì kọ́ ni mò ń fi í lé lọ́wọ́."

Ó fa Success lọ́wọ́, wọ́n ń lọ. Ràímì nu ojú rẹ̀, ó ti géètì, ó sì yí káàdì náà síta kí ẹni tó bá ń kọjá lè kà á.